Oríkì Bàbá Rẹ Ni Kọ́kọ́rọ́ Wáífáì

Bẹyẹrúnkà, Ìbàdàn.

Waliyat, ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ, kí Ọlọ́run Ọba ṣọ́ ọ ní Àbújá, kí ó má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ. Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ ti san? Àwa wà láàyè. Òrùlé ò jò mọ́, ewúrẹ́ Èjìdé ará ilé wa bí ìbejì, mo sì ń gbá ojú sàréè bàbá rẹ láràárọ̀.

Mo gba iṣẹ́ tí o rán pé àwọn àjèjì ti wọ inú ẹ̀rọ wáífáì tí o ní kí wọ́n gbé sí pálọ̀, pé àwọn ló ń fa dátà wa, òun ni ojú rẹ fi ń dúró gbagidi nígbà tí a bá ń rí ara wa lórí fóònù ní ọjọ́ Jímọ̀, tí ẹnu rẹ á là sílẹ̀ bíi ti ẹja. O ní kí Gabriel tó gbé e wá pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù, kí ó sì fi ògiri tí ń dí àjèjì lọ́nà sí i. A ti ṣe é. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ fi ọgbọ̀n ọdún tún rédíò ṣe ní Bẹẹrẹ, kò sí rédíò kan tó bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ àṣírí kí wọ́n tó gbọ́ ìròyìn.

Gabriel dé, ó mu omi tútù mi méjì, ó ní yàtọ̀ sí páásíwọ́ọ̀dù tiwa, kọ́kọ́rọ́ tí ilé iṣẹ́ fi sínú gbogbo irú ẹ̀rọ náà bára mu ni, ẹnikẹ́ni lè ṣí i. Mo ní bí àgádágodo Ọjà'ba nìyẹn, tí kọ́kọ́rọ́ kan ń ṣí gbogbo rẹ̀, ẹ wá ń gba owó gọbọi. Ó ní òun ti tan ògiri inú rẹ̀. Ògiri! Nínú ohun tí kò tó àwo ọṣẹ. Mo yẹ̀ ẹ́ wò yíká, mi ò rí búlọ́ọ̀kù kan.

Ó bi mí pé ta ni mo sọ páásíwọ́ọ̀dù fún. Mo búra pé mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Níjọ́ àkọ́kọ́, ó ní kí n mú ohun tí mi ò lè gbàgbé láé, mo sì mú oríkì bàbá rẹ, Àlàmú, lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú ogójì, nítorí àdúrà ogójì ọjọ́ tí ìwọ wò nínú fóònù. Mo bá lọ bá Mikail onígbàjámọ̀ iwájú ilé, tí àwọn oníbàárà rẹ̀ kì í gbé ojú kúrò lára fóònù, mo bú u dáadáa. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun kàn méfò rẹ̀ ni, kí ni gbogbo agbo ilé fi ń kí Bàbá láàárọ̀, ibi àdúrà ogójì ọjọ́ ńkọ́, ṣebí òun wà níbẹ̀. Èjìdé náà ní òun rò pé sàráà ni mo ń ṣe fún òkú. Sàráà! Ẹni tó ń wo fíìmù láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́!

Gabriel pààrọ̀ rẹ̀ sí lẹ́tà àti nọ́ńbà rádaràda, bí ìgbà tí adìẹ tú yanrìn. Ojú rẹ mọ́ kedere ní Jímọ̀ yẹn, mo rí i pé o ti rù. Ṣùgbọ́n agbo ilé dákẹ́, Waliyat. Tẹ́lẹ̀, oníbàárà tó bá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Mikail á béèrè páásíwọ́ọ̀dù, Mikail á ké sókè pé Àlàmú, Àlàmú, ogójì, èmi á máa gbọ́ ọ nínú yàrá bí ẹni pé wọ́n ń pe bàbá rẹ wá jẹun. Odindi ọjọ́ mẹ́ta, kò sẹ́ni tó pe Àlàmú.

Mo ní kí Gabriel padà wá. Ó ní ẹ̀rọ náà lè ní ilẹ̀kùn méjì, ọ̀kan fún àlejò, ọ̀kan fún onílé, àlejò ò sì ní lè fa tiwa gbẹ. Kí ló dé tí kò ti sọ bẹ́ẹ̀ látijọ́, àbí omi tútù mi ló ń wá? Mo fi Àlàmú fún àlejò. Ó ní kí n mú ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú agbo ilé ò ní mọ̀ fún tiwa. Mo mú oríkì tìrẹ. Mo ti kọ́kọ́ dán Mikail àti Èjìdé wò, wọn ò rántí rẹ̀ mọ́, ó ti tó ọdún mẹ́rin tí kò sẹ́ni tó pè ọ́ bẹ́ẹ̀ ní ojúde yìí. Gabriel ní òun ò tíì rí èyí tó lágbára tó o.

Fi owó dátà ránṣẹ́, àti owó Gabriel, kí o fi ti bátìrì rédíò bàbá rẹ kún un. Ọlọ́run á bùkún ọ, wàá bímọ tí yóò máa wá wò ọ́. Má bínú pé mi ò fi oríkì kí ọ níbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, dírẹ́bà tí mi ò mọ̀ rí ni mo fi rán, kó má lọ kà á. Wá sílé, kí n fi oríkì pè ọ́ létí gbogbo wọn, kí páásíwọ́ọ̀dù náà bàjẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àtọ́kẹ́.