Ẹ̀rọ Ìfọṣọ Tí Ìyàwó Mi Kò Lò

Ó di ọ̀sẹ̀ márùn-ún báyìí tí mo ti mọ̀ pé ìyàwó mi kò lo ẹ̀rọ ìfọṣọ tí mo rà fún un. Odò ló ń lọ. Oyún oṣù méje wà nínú rẹ̀, ó ń ru aṣọ lọ sódò, ó ń ru ú bọ̀, mo mọ̀, mo sì dákẹ́... Ẹ̀yin òǹkàwé ìwé ìròyìn yìí, mo ti ka ìmọ̀ràn tí ẹ gba àwọn ẹlòmíràn, ẹ bá mi dá sí tèmi náà, nítorí kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún ní Ọ̀tà tí ojú kò ní tì mí.

Kẹ̀kẹ́ ni mo ń tún ṣe ní oríta Sango, lẹ́bàá ọ̀nà Abẹ́òkúta. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Èmi fúnra mi ni mo tú kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ palẹ̀ tí mo sì tún un tò, láti ìgbà náà, ohunkóhun tó bá ti ní eyín tó ń yí, n kì í lè kọjá lára rẹ̀ láì ka eyín rẹ̀. Bí ará àdúgbò bá fẹ́ ra ẹ̀rọ ìránṣọ, èmi ni wọ́n ń mú lọ. Ẹ̀rọ ìfọṣọ wa àkọ́kọ́, onígi ni, ọwọ́ la fi ń yí i, òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló tà á fún mi. Ìdí tí mo fi rà á ni pé lẹ́yìn tí a bí Ràbì, oyún méjì ló wálẹ̀ lára ìyá rẹ̀, agbẹ̀bí wa sì kìlọ̀ pé tó bá tún lóyún, kò gbọdọ̀ ru ẹrù tútù, kò gbọdọ̀ lóṣòó fọṣọ pẹ́. Ẹ̀rọ yẹn ṣe dáadáa títí ikán fi jẹ ìdí rẹ̀, tí omi ń jò lára rẹ̀ bí asẹ́. Ìgbà tó wá lóyún èyí, mo ní a gbọ́dọ̀ tètè ra òmíràn.

Oṣù kan gbáko ni mo fi wádìí. Mo yá kátálọ́ọ̀gì lọ́wọ́ akọ̀wé kan, mo fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sí i títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. N kò wo èyí tó ń lo iná mànàmáná rárá, iná kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Ó wá ku méjì, èmi àti Ìyá Ràbì sì wọkọ̀ lọ wò wọ́n ní Èkó. Ọ̀kan kò wuni, ó rí bí àgbá epo, igi kan ni a ń tì síwá sẹ́yìn lórí rẹ̀, rọ́bà méjì tó ń fún aṣọ rẹ̀ sì tóbi tó apá géńdé. Èkejì... ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, ọkàn mi ti lọ sí i kí n tó fọwọ́ kàn án. Ó funfun báláú, gíà ńlá inú rẹ̀ ní eyín mẹ́rìndínlógójì, kékeré ní méjìlá, bí o bá yí ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, aṣọ inú rẹ̀ á yí lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì ní pariwo ju ológbò tó ń sùn lọ. Ìyá Ràbì dúró ti èyí tó rí bí àgbá, ó fọwọ́ pa rọ́bà rẹ̀, ó wá bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Agbádá yín ńkọ́, ṣé èyí tẹ́ ẹ fẹ́ yẹn á gbà á?" Mo rẹ́rìn-ín. Níwájú ọmọ ilé ìtajà, mo rẹ́rìn-ín sí i, mo ní kó jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ yàn án. Mo ti wọn ìjìnlẹ̀ ìkòkò rẹ̀, mo ti wọn ìbú rọ́bà rẹ̀, íńṣì mọ́kànlá... n kò wọn agbádá. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó wá mọ̀ pé ṣẹ́ẹ̀tì ni àwọn tó ṣe é rò nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Àlàfo tó wà láàrin rọ́bà méjèèjì kò fẹ̀ ju pẹ́ńsùlù lọ, agbádá tí a ká, tí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀, kò lè gba ibẹ̀ kọjá kí òwú má já. Ìró obìnrin gan-an kò gbà. Ọjọ́ tí a gbé e délé, ṣẹ́ẹ̀tì mi kan àti aṣọ Ràbì ni mo fi dán an wò lójú àwọn aládùúgbò, wọ́n pàtẹ́wọ́, èmi náà fi gbogbo ẹnu sọ̀rọ̀.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo wọ agbádá funfun lọ kírun, gbogbo èèyàn ń bi mí pé kí ló fọ èyí tó mọ́ tó báyìí, mo sì dúró níwájú mọ́sáláṣí, mo ṣàlàyé gíà fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lèmọ́mù wa ní ká ní mo mọ Kùránì bí mo ṣe mọ ẹ̀rọ yìí ni, òun ì bá ti fi ipò òun sílẹ̀ fún mi. A rẹ́rìn-ín. Mo délé, mo ròyìn fún ìyàwó mi. Ó ní, "Ẹ̀rọ yín ló ṣe é, Bàbá Ràbì."

Mo máa ń fi ìyẹ́ adìẹ kán epo sí gíà náà lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Sọ́ńdè kan, mo ṣí ìdérí rẹ̀, mo rí epo ọ̀sẹ̀ tó kọjá lórí eyín kọ̀ọ̀kan gẹ́lẹ́ bí mo ṣe fi í sí, kò tàn ká, eruku ti bò ó. Ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe kò lè tan ara rẹ̀ lórí irú èyí. Gíà tó bá yí lẹ́ẹ̀kan péré, epo rẹ̀ á tàn. Ní ọjọ́ kejì, mo ṣe bí ẹni ń lọ sí Sango, mo gba ẹ̀yìnkùlé padà, mo tẹ̀ lé e. Mo rí i lódò, níbi tí èrò kì í pọ̀ sí, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì lu agbádá mi mọ́ òkúta, á dúró, á di ìbàdí mú, á tún máa lù ú. Ìyá àgbà kan tó ń fọ ìkòkò nítòsí bi í pé ẹ̀rọ tí ọkọ rẹ̀ ń fi dí àwọn létí ńkọ́. Ó ní ẹ̀rọ wà nílé, ara òun ló ń fẹ́ atẹ́gùn odò. Èmi ló ń bò láṣìírí... èmi tó rẹ́rìn-ín sí i lójú àlejò. Ṣé mo jáde? Ṣé mo gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀? N kò jáde. Mo yí padà, mo lọ sí Sango, mo lọ ń lẹ táyà. Nírọ̀lẹ́ mo délé, mo fọwọ́ kan aṣọ lórí okùn, mo sì gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé ẹ̀rọ yìí mà dára o.

Mo ti gbìyànjú láti gba ẹ̀yìn yọ. Mo ní kí n máa bá a yí ẹ̀rọ náà kí n tó lọ síbi iṣẹ́, ojú rẹ̀ yí padà, ó ní ṣé mo fẹ́ kí ìyá mi tí a jọ ń gbé rí i kí wọ́n ní òun sọ ọmọ àwọn di alágbàfọ̀ ni. Mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá láti Alápòtì wá máa fọ̀ ọ́, ó ní ta ló ń wá ẹni tó máa fọṣọ sílé tí ẹ̀rọ wà. Mo tilẹ̀ rò ó pé kí n ṣẹ́ eyín gíà kan, iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni, kí n ní ó ti bàjẹ́... ṣùgbọ́n ta ni ìyá mi máa ní ó bà á jẹ́? Ìyàwó mi náà ni. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo ká agbádá kan sínú àpò, mo wọkọ̀ lọ sí Èkó, mo fi sínú rọ́bà èyí tó rí bí àgbá. Ó yọ pẹrẹsẹ ní òdìkejì, òwú kan kò já. Ọmọ ilé ìtajà ní òun á gbà á pààrọ̀ bí tiwa bá ṣì rí bíi tuntun. Bíi tuntun! Ta ló lò ó? Ohun tó kù kò ju kí n sọ fún un lọ, kí a sì gbé e sọ́kọ̀.

Mọ́ńdè tó kọjá, ó wọlé pẹ̀lú ẹrẹ̀ ní ìbàdí. Ó ní ẹnu ọ̀nà ni òun ti yọ̀. Ẹnu ọ̀nà wa, iyanrìn gbígbẹ ni. Agbẹ̀bí wá, ó fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀, ó ní ọmọ ṣì ń mira, ṣùgbọ́n kí ìyá ọmọ dùbúlẹ̀. Ọjọ́ méjì ló dùbúlẹ̀. Òní ni Sọ́ńdè, bí mo ti ń kọ èyí ni mo ń gbọ́ ọ nínú yàrá, ó ń ya aṣọ funfun kúrò lára aláró, èyí tó máa rù lọ sódò lọ́la.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní kí n dìde kí n wọlé tọ̀ ọ́. Mo ti dé ẹnu ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta. Ó máa dárí ẹ̀rọ jì mí, mo mọ ẹni tí mo fẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ní mo mọ̀, á bi mí pé láti ìgbà wo. Ṣé kí n ní òní ni? Ṣé kí n tún fi irọ́ kan kún un? Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ̀yin obìnrin inú yín pàápàá, ọkọ yín dúró níwájú yín, ó ní òun ti mọ̀, ẹ sì bi í pé láti ìgbà wo... èsì wo ni ẹ lè gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ tí ẹ ó ṣì máa wo ojú rẹ̀?