Ohùn Màmá Rauha àti Ìjà Ilé Ooru

                                        Ilé Kẹta, Òpópónà Honkatie,
                                        Kajaani, Finland.
                                        Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Aimo,

Ẹ kú òtútù o. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ẹsẹ̀ ìyá yín ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń rìn dáadáa? Àwọn ajá ńkọ́? Ara tèmi le, àfi eyín iwájú kan tí kò sí mọ́. Òun gan-an ni ìròyìn mi.

Ẹ mọ̀ pé ilé mẹ́fà la so pọ̀ níbí, wáyà kan ṣoṣo ló ń gbé iná wá fún gbogbo wa. Nínú òtútù báyìí, bí ilé méjì bá jọ tan ààrò ilé ooru tí à ń jókòó sí ní ìhòòhò láti làágùn, iná lọ nìyẹn. Màmá Rauha, alága wa, ló wá pín wákàtí fún wa. Agogo márùn-ún ọjọ́ Sátidé ni ti Bàbá mi. Urho, aládùúgbò wa, agogo méje.

Èmi tí ọwọ́ mi kì í dilẹ̀, mo bá fi ohùn Màmá Rauha pe Urho lórí fóònù. Mo fún imú pọ̀: "Urho, ọmọ mi, Pentti, bàbá Niilo, ti yọ̀ǹda wákàtí rẹ̀ fún ọ. Tan tìrẹ ní márùn-ún, má sì jẹ́ kí n gbọ́ ariwo rẹ!" Ó ní, "Ẹ ṣé, Màmá." Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí.

Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn agogo márùn-ún, pàà! Iná lọ nílé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bàbá sáré jáde sórí yìnyín, aṣọ ìnura nìkan ló wà nídìí wọn. Urho jáde ní ìhòòhò.

Bàbá pariwo: "Olè wákàtí!"

"Ta lolè? Ìwọ tó o fún mi, tó o tún fẹ́ gbà á padà, ẹlẹ́nu méjì!"

Urho fi ìgbákọ onírin tó fi ń bu omi sórí ààrò gbá Bàbá lágbárí. Bàbá fi ṣọ́bìrì yìnyín gé e létí, etí ń rọ̀ dirodiro. Ẹ̀jẹ̀ ń yọ èéfín lórí yìnyín. Bàbá gun àyà rẹ̀, wọ́n fún un lọ́rùn, ojú rẹ̀ ń yọ síta. Bí eré bí eré, àlàbọrùn fẹ́ẹ̀ di aṣọ òkú. Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n ìjà ni Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti dé. Adájọ́ ní bí wọ́n bá tún lu ènìyàn, ọdún mẹ́rin ni. Mo fà wọ́n títí, wọ́n jù mí nù. Mo bá fi ohùn Màmá Rauha kígbe: "Pentti! Fi í sílẹ̀!"

Ọwọ́ wọn tú. Wọ́n bojú wẹ̀yìn, èmi ni wọ́n rí. Urho ń wúkọ́: "Ohùn yẹn... ohùn yẹn ló pè mí." Ìkúùkù Bàbá kan ṣoṣo, eyín mi lọ.

Ọkọ̀ ilé-ìwòsàn dé, ọlọ́pàá tẹ̀lé e. Ó bi Urho pé ta ló ṣe é léṣe. Mo ní èmi ni, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu mi, kò sẹ́ni tó gbọ́. Urho wo Bàbá, ó wò mí, ó di etí rẹ̀ mú.

"Yìnyín ni. Mo yọ̀, mo ṣubú lu ṣọ́bìrì."

"Ní ìhòòhò?"

"Ṣé kóòtù nìwọ máa ń wọ̀ wọ ilé ooru ni?"

Ọlọ́pàá pa ìwé rẹ̀ dé. Bàbá jókòó sínú yìnyín, wọ́n sunkún bí ọmọdé.

Wọ́n rán etí Urho. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ lánàá, ilẹ̀kùn ló tì mọ́ mi lójú. Bàbá kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti Sátidé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pè wọ́n, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án yìí, wọ́n gbé oúnjẹ ka iwájú mi, wọn ò wo ojú mi. Wọ́n ti gún ọ̀dùnkún mi lúbúlúbú bíi ti ọmọ ọwọ́.

Ẹ bá mi kí ìyá yín, ẹ kí gbogbo ilé.

Èmi àbúrò yín tó ń fẹ́ yín láìléyín,
Niilo