Eyín Tí Mo Ní Ó Ṣì Ń Dùn Mí

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara le, iṣẹ́ ńkọ́? Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Èmi náà wà, ilé dákẹ́ rọ́rọ́, adìẹ kan ṣoṣo tó kù ni mò ń bá sọ̀rọ̀, òun náà kì í dúró gbọ́ mi tán.

Wọ́n ti tọ́jú eyín tí mo sọ fún ọ. Dókítà eléyín ní òun ò ní yọ ọ́, pé inú rẹ̀ ló bàjẹ́ títí dé gbòǹgbò, òun á fọ̀ ọ́ mọ́ ni. Wọ́n kọ́kọ́ ya fọ́tò, mo sì rẹ́rìn-ín músẹ́, àfi ìgbà tó jáde tí n ò rí ojú mi níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n tún un yà torí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọ, wọ́n ní eyín nìkan ni ẹ̀rọ àwọn ń yà.

Wọ́n lu ihò sí eyín náà, wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ti omi sínú gbòǹgbò rẹ̀. Òórùn omi yẹn ò yàtọ̀ sí èyí tí mo fi ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì iléèwé rẹ kó lè funfun. Mo rò pé ó parí, wọ́n tún ki irin kékeré kan tó ń gbọ̀n rìrì bọ̀ ọ́, wọ́n ní ihò náà wọ́, pé omi lásán kì í dé ìsàlẹ̀, àfi kí nǹkan mì ín kó lè ru ìdọ̀tí jáde. Bí a ti ń fọ ìgò ọlọ́rùn tẹ́ẹ́rẹ́ náà nìyẹn.

Wọ́n ní ó lè máa ro mí fún ìgbà díẹ̀, ó sì ro mí lóòótọ́. Nọ́ọ̀sì wá ń pè mí nírọ̀lẹ́, á bi mí bóyá ó ṣì ń dùn mí, bóyá mo jẹun, bóyá mo sùn. Mo máa ń gbé fóònù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń ro mí kó lè gbọ́ ọ dáadáa.

Ọmọ mi, eyín náà ti san láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mò ń sọ fún nọ́ọ̀sì pé ó ṣì ń dùn mí ni, torí tí mo bá ní ó ti san, kò ní pè mọ́, kò sì sí ẹlòmíràn tó ń bi mí bóyá mo jẹun. Àárò rẹ ń sọ mí gan-an. Wàhálà ibẹ̀ ni pé dókítà ti gbọ́, ó ní lọ́jọ́ Ẹtì òun á tún eyín náà ṣí, òun á fọ̀ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀.

Owó tí o fẹ́ fi ránṣẹ́, fi ra káàdì sí fóònù rẹ, kí o pè mí kí Ẹtì tó dé. Ṣáà bi mí bóyá mo jẹun. Tí o bá ti pè, màá sọ fún nọ́ọ̀sì pé ó ti san.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o wá ẹni tí yóò bi ọ́ bóyá o jẹun tì.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.