Ẹ̀yìn Màmá Ni Mo Wà

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. A ti tún òrùlé ṣe, kò jò mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá kò tíì wálẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń lo oògùn.

Bàbá sọ fún yín níbi ìsìnkú pé Màmá ṣubú lórí àtẹ̀gùn afárá ẹlẹ́sẹ̀ iwájú ilé ẹ̀kọ́ mi. Wọn ò sọ pé ẹ̀yìn Màmá ni mo wà. Kẹ̀kẹ́ arọ mi ò lè gun àtẹ̀gùn, nítorí náà Màmá máa ń pọ̀n mí sọdá, wọ́n á tún padà lọ gbé kẹ̀kẹ́. Lọ́jọ́ náà, mo ní kí wọ́n sinmi.

"Dákẹ́, alákọ̀wé. Ṣé ìwọ lo ń rìn ni?"

A jọ rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ wọn yẹ̀.

Wọ́n ní ọmọ tí a pọ̀n kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ẹ̀gbọ́n mi, èmi mọ̀.

Ní báyìí, Bàbá ní láti ọjọ́ Mọ́ńdè, àwọn ni yóò máa pọ̀n mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ̀ fún wọn. Tiyín ni wọ́n ń gbọ́. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí n gba yàrá sí òdìkejì títì, kí n tiẹ̀ dá gbé.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kó jẹ́ òkú ni yóò tún pè yín wálé.

Àbúrò yín.