Okùn Gínì Tí Ẹ Tú

Bàbá Fàwàsíyà, ẹ kú àbọ̀ láti mọ́ṣáláṣí. Ẹ kọ́kọ́ jókòó ná.

Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi di aṣọ gínì mẹ́ta tí oníbàárà mi, ìyàwó tuntun àdúgbò Treichville, ní kí n ṣe ní àdìrẹ. Àárọ̀ yìí ni mo fẹ́ rẹ wọ́n láró, kí gbogbo wa tó lọ sí etí òkun Bassam tí ẹ ti ń ṣèlérí fún àwọn ọmọ láti ìgbà Iléyá. Mo jí, mo rí i pé ẹ ti fi abẹ gé gbogbo okùn wọn. Ẹ tún ti lọ wọ́n, ẹ ká wọn sórí àga! Fàwàsíyà ní ẹ ní ẹ̀ ń bá mi dín iṣẹ́ kù ni, ká lè tètè jáde.

Ọmọ Ìsẹ́yìn, ọmọ aláṣọ òkè! Ta ní ń tú àdìrẹ kó tó wọ aró?

Mo ti bẹ ìyàwó náà títí, ó ní òun á dúró di ọjọ́bọ̀. Àwa ti wọ ọkọ̀ gbàkà lọ sí Bassam. Okùn tuntun wà lórí tábìlì, ojú ibi tí mo fi pẹ́ńsù sàmì sí lára aṣọ ṣì hàn. Ẹ tún wọn dì kó le dáadáa. Ẹ má fọwọ́ kan aró mi rárá.

Àwọn ọmọ bi mí pé kí ló dé tí ẹ ò bá wa lọ. Mo ní bàbá wọn fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún yín. Ẹ má sọ mí di onírọ́.

Ìyá wọn