Eyín Méjì Nínú Iyọ̀

Olóòtú ètò wa lórí rédíò, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ mi. Láràárọ̀, Tamsin tí a jọ ń gbélé ní Cornwall nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí máa ń bu iyọ̀ sẹ́nu ọ̀nà kí ibi má bàa wọlé, yóò fi àtàǹpàkò fà á tààrà, yóò sì kí oòrùn. Àjẹ́ ló ń pe ara rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti wá kàwé níbí, òun nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó máa ń ní, "Tèmi kì í pààyàn. Ewé àti òṣùpá ni mò ń sìn."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Jowan aládùúgbò wa já wọlé. "Ìyá àjẹ́, fò kí n rí ọ! Ìwọ lo dá ìyá mi dùbúlẹ̀!" Ó la igi ìgbálẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Eyín méjì bọ́ sínú iyọ̀. Ẹ̀yìn aṣọ fèrèsé ni mo wà.

Nígbà tó lọ, mo ní, "Ṣépè fún un!"

Tamsin tu ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. "Rárá, ọ̀rẹ́ mi. Ibi téèyàn bá rán jáde, ìlọ́po mẹ́ta ló ń bọ̀ wálé. Ìwọ ṣáà sọ ohun tó o rí."

Ọlọ́pàá dé, mo ní mò ń sùn ni. Tamsin kàn wò mí. Láàárọ̀ yìí, ó bu iyọ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá tèmi náà.

Ẹ̀yin olùgbọ́, báwo ni kí n ṣe bẹ̀ ẹ́? Lọ́la, kí n tó lọ sí kíláàsì, màá lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, màá sọ fún wọn pé n ò sùn, ojú mi ló ṣe.