Ìwé Ìgbélùú Tó Pẹ́ Jù fún Isoa

Èmi, Kalolaine Mafi Vehikite, opó Hakeai Vehikite, tí wọ́n bí ní Vavaʻu ní ilẹ̀ Tonga, tí mo ń gbé ní Māngere ní ìlú Auckland, ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. Orí mi pé. Dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ti fọwọ́ sí i, nítorí Penisoni ọmọ mi gbà pé ẹni tí kò bá ti gbọ́ tòun, arán ló ń ṣe. Ọkàn mi ló ń ṣàìsàn. Ọpọlọ mi kò ṣe nǹkan kan.

Mo fagi lé gbogbo ìhágún tí mo ti ṣe ṣáájú èyí. Lọ́yà mi, Ìyáàfin Raniga, ní kí n dárúkọ ohun ìní, kí n dárúkọ ẹni tí yóò gbà á, kí n sì dákẹ́. Ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń ní kí n dákẹ́. Tèmi yóò gùn.

1. Luseane ọmọbìnrin mi àti Ìyáàfin Raniga ni yóò mú ìwé yìí ṣẹ. Penisoni kò sí níbẹ̀, kí ó má bínú. Èèyàn rere ni, ṣùgbọ́n kò lè bá aláṣẹ jiyàn. Bí ọlọ́pàá bá dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró, á ti máa bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó sọ ohun tó ṣe fún un.

2. Ilé mi ní Māngere di ti Luseane àti ti Ateca Naivalu, ní dọ́gbadọ́gba. Penisoni ti gba ìpín tirẹ̀ nígbà tó ń kọ́lé.

Ẹni tí kò bá mọ Ateca, kó gbọ́. Ọmọ Fiji ni òun àti Isoa ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyá wọn kó wọn wá sí ìlú yìí nígbà tí wọn kò tíì mọ̀wé kà, ó sì kú sí ilé ìwòsàn. Kò sí ẹbí tó yọjú. Ilé ẹjọ́ sọ ìjọba di alágbàtọ́ wọn, ìjọba ń gbé wọn láti ilé dé ilé, títí ọ́fíìsì tó ń tọ́jú ọmọ fi kó wọn dé ọ̀dọ̀ èmi àti Hakeai. Wọ́n fún wa ní aṣọ wọn nínú àpò ìdọ̀tí dúdú. Wọ́n fún wa ní ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kò sí ẹni tó bi wá, kò sì sí ẹni tó bi ara rẹ̀, bóyá àwọn ọmọ náà ní ìwé ìgbélùú.

3. Gbogbo irinṣẹ́ káfíńtà Hakeai, ayùn, ìfági, òòlù, àti tábìlì tó fi ń gé pákó, di ti Isoa Naivalu. Kí ẹ kó wọn sínú ọkọ̀ ojú omi, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí i ní Suva ní Fiji. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí a tọ́jú wọn dè é kó padà wá.

Lọ́wọ́ Hakeai ló ti kọ́ṣẹ́, nínú gáréèjì wa. Nígbà tó ku díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, kọ́lékọ́lé kan gbà á sẹ́nu iṣẹ́, ó sì ní kó mú ìwé ìgbélùú wá. Ibẹ̀ la ti mọ̀ pé kò sí. Mo lọ sí ọ́fíìsì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jáde sí mi, ó ní, "Kalolaine, má ṣèyọnu, ó ti wà lórí tábìlì wa." Ó pè mí lórúkọ bí ẹni pé a jọ ṣeré lọ́mọdé. Nígbà tí mo padà lọ, ó ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó gba ipò rẹ̀ ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ẹni tó tẹ̀ lé ìyẹn wà ní ìsinmi. Wọ́n ń fònídónìí, wọ́n ń fọ̀ladọ́la, títí Isoa fi pé ọdún méjìdínlógún. Ìgbà náà ni ẹnìkan wá fún mi ní èsì tó yanjú: "Àgbàlagbà ni báyìí. Kò sí lábẹ́ wa mọ́."

Mo ké sí Penisoni kó bá mi lọ. Ó ní, "Mama, ọmọ ìjọba ni wọ́n. Ẹ jẹ́ kí ìjọba bá ara ẹ̀ wí." Mo ní, "Ta ló ń se oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ, ìjọba?" Èmi nìkan ni mo lọ.

Àwọn aṣọ́bodè dá Isoa padà sí Fiji. Ní pápákọ̀ òfuurufú, ó dì mọ́ mi, ó ní, "Mama, èdè wo ni mo máa fi bá wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀?" Òyìnbó ló gbọ́, ó sì gbọ́ Tonga ju àwọn ọmọ Penisoni lọ. Kò gbọ́ èdè Fiji kankan.

4. Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ mi tó wà lọ́wọ́ àbúrò mi ọkùnrin ní Vavaʻu, òun ni kó ni wọ́n. Láti ọjọ́ tí mo ti kúrò ló ti ń jẹ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń sọ fún mi pé òjò ló pa wọ́n.

5. Ẹní àtàtà tí ìyá mi hun, èyí tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ níbi ìsìnkú bàbá mi, tí wọ́n sì fi gbé mi níyàwó, di ti Ateca.

Mo mọ̀ pé Fifita, àbúrò ọkọ mi obìnrin, yóò bínú. Òun ni àṣà wa gbé ga jù nínú ẹbí, ó sì ti sọ lójú gbogbo ìjọ pé, "Ẹní bẹ́ẹ̀ kì í jáde kúrò nínú ẹ̀jẹ̀." Fifita, mo bọ̀wọ̀ fún ọ. Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tí ọmọ náà ṣe.

Lẹ́yìn tí Isoa lọ, mi ò dúró de ọ́fíìsì kankan mọ́. Mo wá Ìyáàfin Raniga kàn. Ó ní ṣáájú kí ọmọ ìjọba tó pé ọdún méjìdínlógún, alágbàtọ́ rẹ̀, ìyẹn ọ́fíìsì náà, lè bẹ mínísítà fún ìwé ìgbélùú, wọ́n á sì fún un. Ó ti wà bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí Isoa wà lọ́mọdé.

Láràárọ̀ ni mo ń lọ sí ọ́fíìsì. Mo máa ń di ewé kókò àti ẹran tí mo fi omi àgbọn sè dání, mo máa ń jẹ ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà wọn, kí òórùn rẹ̀ lè rán wọn létí pé mo wà níbẹ̀. Wọn kò ṣe nǹkan kan. Raniga pè wọ́n lẹ́jọ́. Adájọ́ bi wọ́n pé, "Ta ló yẹ kó ti ṣe èyí?" Wọ́n ń nàka sí ara wọn. Ateca dìde láìjẹ́ pé wọ́n pè é. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ní ẹ jẹ́ òbí mi. Òbí wo ni kì í wá ìwé fún ọmọ ẹ̀? Ẹ ti sọ ẹ̀gbọ́n mi nù. Èmi náà ló kù yìí." Adájọ́ pàṣẹ kí wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ náà kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú.

Ìwé ìgbélùú rẹ̀ dé nígbà tí ọjọ́ ìbí ọdún méjìdínlógún rẹ̀ ti ń kanlẹ̀kùn. Èmi ń sunkún, Luseane ń jó. Ateca ka ìwé náà tán, ó ní, "Ti Isoa ńkọ́?"

Ti Isoa kò ṣeé ṣe mọ́. Wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá ti dá padà, ìlẹ̀kùn ti sé mọ́ ọn. Ó ti fẹ́ ìyàwó ní Suva báyìí, ó ń kan ọkọ̀ ojú omi, èdè Fiji rẹ̀ sì ti ń já gaara. Ó ṣe é fúnra rẹ̀. Kí ọ́fíìsì kankan má fi ìyẹn yangàn.

6. Mi ò jẹ gbèsè. Ọ́fíìsì ló jẹ Isoa ní ẹ̀bẹ̀ àforíjì tí wọ́n ṣèlérí fún mi. Bí ó bá dé lẹ́yìn ikú mi, kí Luseane bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ín.

7. Yàrá ẹ̀yìn ilé mi yóò máa jẹ́ ti ọmọ àgbàtọ́. Ọmọ tuntun bá dé, kí ẹ fún un lóúnjẹ, kí ẹ fi ibùsùn hàn án, kí ilẹ̀ tó mọ́ kí ẹ ti pe Raniga. Ẹni tó bá ní kí ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ má fọkàn balẹ̀.

8. Bí wọ́n bá ń ka orúkọ àwọn ọmọ mi níbi ìsìnkú, mẹ́rin ni kí wọ́n kà: Penisoni, Luseane, Isoa, Ateca. Kí pásítọ̀ má fi "àgbàtọ́" kún ọ̀kankan. Penisoni, ìwọ tó ga jù ni kó gbé fóònù sókè kí Isoa lè rí mi láti Suva. Má gbé e sílẹ̀ nítorí pé apá ń dùn ọ́.

Mo fọwọ́ sí ìwé yìí ní Māngere, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹjọ, ọdún 2022, níwájú àwọn méjì tí wọn kò jogún ohunkóhun nínú rẹ̀.

Kalolaine Mafi Vehikite

Ẹlẹ́rìí: Tevita Lolohea, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, aládùúgbò mi
Ẹlẹ́rìí: Maureen Haddow, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tó ní kí n kọ ọ́ sí i pé òun sunkún